Ọrùn Ìjàpá Nínú Adágún Tokuji

Láàárọ̀, kí Mineko tó gbé omi tíì kaná, ẹ̀yìnkùlé ló kọ́kọ́ máa ń lọ wo ìjàpá. Òkúta ni ìjàpá yìí o. Ọkọ rẹ̀, Tokuji, ló gbé e sínú adágún omi tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ sẹ́yìn ilé wọn lẹ́sẹ̀ òkè Chichibu. Ó gbé e kalẹ̀ lọ́nà tí omi fi máa ń dé e lọ́rùn, tí orí nìkan á yọ síta bí ẹni tó ń yọjú wo àlejò. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà fún ọdún gbọọrọ. Àmọ́ láti ìgbà tí Tokuji ti kú, omi kò dúró sí ọrùn mọ́. Bí ilẹ̀ bá ṣe ń mọ́, àyà ìjàpá á ti hàn. Bí oòrùn bá sì mú, ikùn rẹ̀ á jáde, àwọn ẹja aláràbarà á kóra jọ síbi tó jìn, wọn á máa wo Mineko bíi pé òun ló mu omi wọn.

Obìnrin tó ti lé láàádọ́rin ọdún á wá gbé korobá, á pọnmi lẹ́nu ẹ̀rọ, á dà á sí adágún, á tún padà lọ. Nígbà òtútù tó kọjá, ibi tó ti ń ṣe wàhálà yìí ni yìnyín ti yọ̀ ọ́ ṣubú, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì kán. Orí ilẹ̀ tútù yẹn ló wà títí aládùúgbò fi gbọ́ igbe rẹ̀.

Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, Yasunori, sáré wá láti ìlú ńlá. Ọkùnrin tó ti ń hewú ni, kì í pariwo, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn ojú rẹ̀ pọ́n.

"Màmá, adágún yìí ti mu omi tó. Kò gbọdọ̀ mu yín."

"Kí ló fẹ́ fi mí ṣe? Mo kàn yọ̀ ṣubú ni."

"Ẹ yọ̀ ṣubú, ẹ ò sì lè dìde! Mo ti bá oníyẹ̀pẹ̀ kan sọ̀rọ̀. Bí ọdún Bon tí àwọn òkú ń wálé bá ti parí, tí a bá ti sin Bàbá padà sọ́run, ó máa kó yẹ̀pẹ̀ wá, a máa dí i."

Mineko bu tíì sí ife ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Tí mo bá wá rí ibi tí omi ń gbà lọ ńkọ́? Tí mi ò ní láti gbé korobá mọ́?"

"Tí ẹ bá rí i kí Bon tó parí, mi ò ní sọ̀rọ̀ yẹ̀pẹ̀ mọ́ láyé mi."

"Ó dáa. Etí mi ti gbọ́, tìrẹ náà sì ti gbọ́."

Kí n má parọ́ mọ́ Yasunori, kì í ṣe ọmọ burúkú. Ẹ̀rù ló ń bà á. Ẹni tó bá ti gbọ́ pé ìyá òun sùn sórí yìnyín, a kì í bá a jiyàn nípa ẹwà òkúta. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí adágún yẹn jẹ́ fún Mineko, kí ẹ lè mọ ohun tó fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Onígbàjámọ̀ ni Tokuji. Ọjọ́ Ajé làwọn onígbàjámọ̀ ń ti ṣọ́ọ̀bù, ọjọ́ Ajé yìí ló sì fi kọ́ adágún rẹ̀, ní ọdún tí Yasunori wọ iléèwé. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá lọ ta tẹ́tẹ́, òun á lọ kó òkúta létí odò, á fi kẹ̀kẹ́ fà á wálé, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Àwọn tó fá irun fún á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Tokuji, ṣé o fẹ́ kó gbogbo òkè yìí wá sílé ni?" Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń bá lọ. Ó gbẹ́ ilẹ̀, ó rẹ́ ẹ, ó mọ òkìtì sápá kan, ó to òkúta lé e lórí, ó sì ri rọ́bà gba inú rẹ̀ kí ẹ̀rọ lè máa fa omi gòkè, kó sì máa da ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ bọ̀ láti orí òkìtì náà.

Àwọn kan rò pé wíwò la ń ṣe ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ fún. Irọ́ ni. Etí la ń ṣe é fún. Ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ tí kò bá dún dáadáa, omi tó ń jò ni. Tokuji mọ èyí, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tó to gbogbo rẹ̀ tán, ó ní kí Mineko wọ ilé ìdáná lọ, níbi tó ti ń fọ ìrẹsì lójoojúmọ́, kó máa fetí sílẹ̀. Òun alára ká ṣòkòtò, ó wọ inú omi, ó di òkúta ìsàlẹ̀ tí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ń bọ́ lé mú.

"Báwo ló ṣe ń dún?"

"Ó ń dún bí ọ̀mùtí tó ń tọ̀ sára ògiri!"

Ẹ̀rín pa Tokuji débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú sómi. Ó sún òkúta.

"Ìsinsìnyí ńkọ́?"

"Ọ̀mùtí yẹn ti fẹ́ parí, ó ku díẹ̀!"

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é títí ìrẹsì fi rẹ jù nínú omi. Yasunori kékeré ti gorí àpótí lẹ́bàá fèrèsé, ó ń gbọ́ ohun tí bàbá àti ìyá rẹ̀ ń ṣe, ó sì ń rẹ́rìn-ín ọ̀mùtí náà. Ìgbà tí Tokuji tún òkúta náà yí díẹ̀, ọmọ náà kàn ké lójijì pé:

"Ibẹ̀ yẹn, Bàbá! Ẹ má sún un mọ́!"

Òótọ́ ni. Omi náà ti ń dún kóló-kóló, ó mọ́ gaara, bí ìgbà tí ẹnì kan ń da omi tútù sínú ìkòkò amọ̀ nínú yàrá kejì. Tokuji yọ ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bíi pé ẹyin ló gbé sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, ohùn yẹn ni Mineko fi ń fọ ìrẹsì. Ó fi tọ́mọ, ó fi gbàgbé ìjà. Tokuji tí ojú rẹ̀ kò ríran jìnnà tiẹ̀ máa ń sọ pé, "Bí mo bá kú, tí mo bá ń bọ̀ wálé ní Bon, etí ni màá fi mọ ilé. Má pa ẹ̀rọ yẹn o."

Lẹ́yìn èyí ló wá lọ sí ibojì àwọn òbí rẹ̀ lókè, ó rọra hó koke lára òkúta ibẹ̀, ewéko rírọ̀ tó ń bo òkúta níbi tí oòrùn kì í dé. Ó gbé e bọ̀ nínú agolo oúnjẹ rẹ̀, ó sì tẹ́ ẹ sára òkìtì. Gbogbo ayé ń pè é ní koke, ṣùgbọ́n Tokuji ń pè é ní irun òkúta. "Orí kan ṣoṣo tí mi ò ní fá láyé mi nìyí," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí. Lọ́dọ̀ wa níbí, kò sẹ́ni tí ìyẹn yà lẹ́nu. A ń gbá ewé kúrò lórí koke, a ń wọ́n omi sí i, àmọ́ kéèyàn mú ọ̀bẹ tọ̀ ọ́ lọ, àfi bí orí onítọ̀hún bá dàrú.

Nígbà tí Tokuji kú, Mineko sọ koke náà dọmọ. Omi ìrẹsì tó bá fọ̀ láàárọ̀, ara koke ló ń dà á sí. Koke náà sì mọ oore. Ó nípọn, ó rọ̀, ó bo ẹnu ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, ó gba orí òkìtì kọjá sẹ́yìn. Àlejò kò lè wá kó má yìn ín.

Nǹkan kan ṣoṣo ló ń ba Mineko nínú jẹ́ níbẹ̀. Ohùn omi náà ń lọ sílẹ̀ lọ́dọọdún. Kóló-kóló yẹn ti di ṣìn-ìn, ṣìn-ìn náà sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí mọ́. Ó gbà pé etí òun ló ń kú, àti pé ohun tí Tokuji fi sílẹ̀ fún òun ń tọ Tokuji lọ. Yasunori ra ẹ̀rọ etí fún un, Mineko sì tọ́jú u sínú àpótí. Bẹ́ẹ̀ ó ń gbọ́ ikọ́ Heisaku láti inú ọgbà kejì, kò sì bi ara rẹ̀ pé irú etí wo ló ń gbọ́ ikọ́ tí kò gbọ́ omi.

Heisaku yìí ni aládùúgbò tó gbé e dìde lórí yìnyín. Birikìlà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ọ̀rẹ́ Tokuji, ó jù ú lọ díẹ̀, nítorí náà ìyàwó ló ń pe Mineko títí dòní, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé irun ìyàwó ti funfun bí òwú. Nígbà tó gbọ́ àdéhùn tí ìyá àti ọmọ ṣe, ó gbé irin ìrẹ́lé rẹ̀ tó ti ń dípẹtà, ó fò wọ ọgbà wọn.

"Ìyàwó wa, má mikàn. Sìmẹ́ńtì ló ti là. Tokuji mọ irun fá, kò mọ ilẹ̀ rẹ́."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí òkú sinmi."

"Òun náà bú iṣẹ́ mi tó nígbà tó wà láyé!"

Wọ́n kó ẹja sínú agbada ńlá, wọ́n gbọ́n omi, Heisaku wá ojú ibi tó là, ó rí ọ̀kan bí okùn, ó dí i. Wọ́n dá omi padà. Ìjàpá yọ àyà bó ṣe ń yọ ọ́. Heisaku tún un dí, ó tún rẹ́ gbogbo ẹ̀gbẹ́. Ìjàpá kò gbọ́, kò gbà.

"Oòrùn ló ń mu ún," ni Heisaku wí, ó ti ń bínú.

Mineko pọn omi sínú korobá, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ adágún nínú oòrùn kan náà. Omi korobá fẹ́rẹ̀ẹ́ má dín, ti adágún lọ sílẹ̀ gan-an. Ó yọ oòrùn kúrò nínú ẹ̀sùn. Lọ́jọ́ kejì, ó pa ẹ̀rọ tó ń fa omi gòkè, ó sì jókòó ti ìjàpá láti àárọ̀ títí ọjọ́ fi rọ̀. Omi kò lọ síbì kankan, ọrùn ni ó wà. Bó ṣe tan ẹ̀rọ padà, tí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ń ṣàn, omi tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.

"Ó dáa, kì í ṣe inú adágún," ni Mineko wí. "Ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ni."

"Rọ́bà inú òkìtì ló ti bẹ́ nìyẹn!"

Wọ́n yọ rọ́bà. Kò bẹ́. Wọ́n yẹ ẹnu ibi tó so mọ́ ẹ̀rọ wò, ó gbẹ táútáú. Heisaku jókòó sórí òkúta, kò rí ẹlòmíì tí ì bá dá lẹ́bi. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, ọ̀rọ̀ náà ti kọjá irin ìrẹ́lé.

Bon sì dé. Ọjọ́ tí a máa ń pàdé àwọn òkú ku ọ̀la nígbà tí Yasunori wọlé, ó sì fi ọ̀pá oparun gígùn kan léjìká. Mineko rí oparun náà. Kò sẹ́ni tí kò mọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe. Bí a bá fẹ́ dí kànga tàbí adágún, a máa ń ri oparun oníhò sínú yẹ̀pẹ̀ náà, kí ẹ̀mí omi lè máa rí ibi mí.

"O ti gé e tán," ni Mineko wí.

"Mo fẹ́ kó gbẹ dáadáa ni, Màmá. Mi ò fẹ́ ká dí i bí ẹni dí kòtò lásán. Bàbá ló kọ́ ọ."

"Mo mọ̀."

"Mo ra iyọ̀ àti ọtí tí a máa fi tọrọ àforíjì pẹ̀lú."

"Mo ní mo mọ̀, Yasu." Ó wọ yàrá, ó sì sunkún níbi tí ọmọ rẹ̀ kò ti lè rí i.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, Yasunori ní òun ni òun máa fọ ìrẹsì, kí ìyá òun sinmi. Mineko mú agbọ̀n, ó lọ ká kùkúmbà tí yóò fi ṣe ẹṣin Tokuji. Ẹṣin kùkúmbà la fi ń pe àwọn òkú wálé kí wọ́n lè tètè dé, ikàn la fi ń ṣe màlúù tí wọ́n máa gùn padà, kí wọ́n má tètè lọ. Òjò kò rọ̀ lọ́dún yẹn. Kùkúmbà gbogbo abúlé ti wọ́ bí ìka àgbàlagbà. Àmọ́ ti Mineko, tó gbìn sẹ́yìn òkìtì ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, tóbi, ó ń dán, ewé rẹ̀ fẹ̀ bí àtẹ. Ó ti fi í fọ́nnu títí ẹnu fi ro ó.

Ibẹ̀ ni Heisaku ti yọjú lórí ọgbà.

"Ìyàwó wa, fún mi ní ẹyọ kan. Èyí tí mo ní, bí ìyàwó mi bá gùn ún, kò ní dé ilé kí Bon tó parí."

"Ẹ lọ bọ́ ti yín. Ọwọ́ mi ló dára."

"Ọwọ́ wo? Mi ò rí ọ kó o bomi rin ín rí! Kí lo ń fún un mu?"

"Èmi? Omi tí mi ò rí fún ẹja, ibo ni màá ti rí omi tí màá fún kùkú..."

Mineko ju agbọ̀n sílẹ̀. Ó wo ilẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ ìdí kùkúmbà. Ẹrẹ̀ tútù ni. Ọ̀dá mú gbogbo abúlé, ẹrẹ̀ tútù ló wà nídìí kùkúmbà rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá. Ẹ wá kíá!"

Ó fi ọwọ́ tọ ẹrẹ̀ náà gòkè lẹ́yìn òkìtì, láàárín ewé kùkúmbà, títí ó fi kan koke. Koke Tokuji ni, èyí tó ti gba orí òkìtì kọjá wá sẹ́yìn, tó sọ kọ́ sílẹ̀ bí irùngbọ̀n. Lẹ́nu irùngbọ̀n yẹn ni omi ti ń kán, tó, tó, tó, láìdákẹ́, sínú ilẹ̀. Ó fún un, omi ṣàn gba apá rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́. Orí koke wà nínú ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ níwájú, ó ń mu; ìrù rẹ̀ wà lẹ́yìn, ó ń tú u dà sílẹ̀ fún kùkúmbà. Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló ń gbé. Ohun tó ti ń fi omi ìrẹsì kẹ́ láràárọ̀ ló ń gbọ́n adágún rẹ̀ gbẹ.

Heisaku bojú wò ó, kò rẹ́rìn-ín. Ó ti mọ ohun tó kàn.

"Ṣé kí n lọ mú ọ̀bẹ mi wá?" Ó rọra bi í ni.

"Ẹ fi ọ̀bẹ yín sílẹ̀. Onígbàjámọ̀ lọkọ mi."

Ó wọlé lọ síwájú àwòrán Tokuji, níbi tí sìsọ́ọ̀sì rẹ̀ wà láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ín. Ó mú un.

"Bàbá Yasu," ó wí, "ẹ ní orí kan ṣoṣo tí ẹ ò ní fá láyé yín nìyí. Ẹ ti kúrò láyé. Èmi ni mo kù síbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ gé. Ó gé irùngbọ̀n náà kúrò dé orí òkìtì, ó ń fi ìka dì í mú bí Tokuji ṣe máa ń fi ìka di irun mú, ó sì ń tò ó sínú agolo oúnjẹ àtijọ́ yẹn. Kíkán dáwọ́ dúró. Ojú òkúta ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ nínú oòrùn níṣojú wọn.

"Ó parí!" ni Heisaku ké. "Ó tó, ìyàwó, fi ìyókù sílẹ̀."

"Tí mo bá fi í sílẹ̀, á tún hù kọjá." Ó wọ inú omi. Ó gé ti ẹnu ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sórí òkúta ìsàlẹ̀ tí omi ń bọ́ lé, tí koke ti wé bí aṣọ òtútù. Ó gé díẹ̀. Ṣìn-ìn di ṣọ̀rọ̀. Ó gé sí i, ṣọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́. Mineko gbé orí sókè, ẹnu rẹ̀ là.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀yin náà ń gbọ́ ọ?"

"Mo ń gbọ́ ọ."

"Etí mi ò kú," ó wí, omijé ti ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún. "Etí mi ò kú rárá. Èmi ni mo fi koke dí i lẹ́nu."

Ó tún gé ìdì kan, èyí tó kẹ́yìn lójú òkúta náà, omi sì bọ́ sórí òkúta gan-an gan-an. Kóló-kóló.

Láti fèrèsé ilé ìdáná, ohùn ọkùnrin tó ti ń hewú ké jáde, kó tiẹ̀ tó mọ ohun tó ń sọ:

"Ibẹ̀ yẹn! Ẹ má sún un mọ́!"

Nígbà tí Mineko bojú wẹ̀yìn, Yasunori ti dúró lójú fèrèsé, ìrẹsì tútù wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó ń kán sílẹ̀, ojú rẹ̀ dà bíi ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iléèwé.

Ní gbogbo ọjọ́ Bon yẹn, omi kò kúrò lọ́rùn ìjàpá, korobá sì dojú dé lẹ́bàá ògiri. Yasunori fúnra rẹ̀ ló pe oníyẹ̀pẹ̀ pé kó má wá mọ́, ó sì fi oparun rẹ̀ gbé kùkúmbà ró, àwọn tó jẹ́ pé láti ìsinsìnyí lọ wọ́n máa wọ́ bíi ti Heisaku. Koke inú agolo, Mineko gbé e lọ sórí ibojì, ó tẹ́ ẹ sẹ́sẹ̀ Tokuji.

Ọjọ́ tí a ó sin àwọn òkú padà, ó jókòó sí ilé ìdáná, ó ń fi ikàn ṣe màlúù, omi ń dún létí rẹ̀. Yasunori wò ó títí.

"Màmá, ikàn yẹn mà tóbi jù. Ẹsẹ̀ tí ẹ ṣe fún un sì kúrú. Màlúù yẹn kò lè rìn."

"Mo mọ̀," ni Mineko wí, ó sì tún gé ẹsẹ̀ náà kúrú sí i.